Ìṣirò Kì Í Ṣe Àsọtẹ́lẹ̀: Lámèyítọ́ lórí Ìkìlọ̀ Awólọ́wọ̀ fún Ìjọba Shagari ní Ọdún 1981

Ìfáárà

Nínú èdè Yorùbá òde òní, orúkọ tí a fún ẹgbẹ́ òṣèlú tí kò sí nínú ìjọba ni ẹgbẹ́ alátakò. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro láti tú palẹ̀. Ẹni tó ta ko ènìyàn ni alátakò. Ó dúró sójú ọ̀nà, ó sì kọjú sí ẹni tó ń bọ̀. Nínú orúkọ yìí, a kò dárúkọ ìbéèrè, bẹ́ẹ̀ ni a kò dárúkọ ìmọ̀ràn. Bí olóṣèlú kan bá dìde láti bi ìjọba léèrè iye owó tó wọlé àti ohun tí a fi ṣe, orúkọ tó ń jẹ́ ti dá a lẹ́bi kí ó tó la ẹnu. Wọn yóò ní ìjà ló ń jà. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn Yorùbá kan náà ló ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Àpẹẹrẹ kan tó fi ìṣòro yìí hàn kedere ni lẹ́tà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ Unity Party of Nigeria (UPN), kọ sí Ààrẹ Shehu Shagari ní oṣù kẹjọ ọdún 1981. Lẹ́tà náà kìlọ̀ pé ọrọ̀ ajé Nàìjíríà ń lọ sínú ewu. Ìjọba kò gbà bẹ́ẹ̀. Kò pé ọdún kan tí ìjọba kan náà fi gbé òfin ìṣọ́wóná kalẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ka lẹ́tà yìí sí àsọtẹ́lẹ̀ tó ṣẹ. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìyìn náà ṣi ọ̀rọ̀ gbé, ó sì ti pa nǹkan lára. Ìṣirò ni ìpìlẹ̀ ìkìlọ̀ náà. Nígbà tí a sọ ìṣirò di àsọtẹ́lẹ̀, a gba ohun tó wúlò jù lọ nínú rẹ̀ kúrò, ìyẹn ni ọ̀nà tí ẹlòmíràn lè gbà tún béèrè.

Ẹni tó béèrè àti ẹni tí a bi

Kí a tó lè díwọ̀n lẹ́tà náà, ó yẹ kí a mọ ipò tí ẹni tó kọ ọ́ wà. Lẹ́yìn ìdìbò oṣù kejìlá ọdún 1959, ẹgbẹ́ Action Group ní ìjókòó 73 nínú 312 tó wà ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin àpapọ̀. Awólọ́wọ̀ fi ipò Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀, ó sì di Olórí Alátakò nílé ìgbìmọ̀ náà lójú Alhaji Abubakar Tafawa Balewa tó jẹ́ Olórí Ìjọba àpapọ̀. Lábẹ́ irú ètò ìjọba bẹ́ẹ̀, ìbéèrè ní ilé tirẹ̀. Alátakò a dìde, a bi mínísítà léèrè, mínísítà náà a sì dáhùn lójú gbogbo ilé, akọ̀wé a kọ ìbéèrè àti èsì sílẹ̀. Kò sí pé èsì dùn tàbí kò dùn. Èsì di dandan.

Àyè yìí kò pẹ́. Ní ọdún 1962 ni wàhálà Ìwọ̀-Oòrùn bẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1963 ni ilé ẹjọ́ rán Awólọ́wọ̀ ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ sí ìjọba. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1966 ni ìjọba Gowon tú u sílẹ̀. Láti ọdún 1967 títí di ọdún 1971 ni ó jẹ́ Kọmíṣánnà àpapọ̀ fún ètò ìṣúná, tí gbogbo àpò orílẹ̀-èdè wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà ogun abẹ́lé. Nígbà tí ó kúrò níbẹ̀, ẹni tó gba iṣẹ́ náà ni Shehu Shagari, tí ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 1975. Ẹ̀yìn tó yẹ kí lámèyítọ́ gbà wo lẹ́tà ọdún 1981 nìyí: àwọn méjèèjì, ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tí a kọ ọ́ sí, ti jókòó sórí àga kan náà rí. Wọ́n ti ka irú ìwé ìṣirò kan náà. Kò sí nínú wọn tó lè sọ pé òun kò mọ ohun tí iye owó tó ń jáde túmọ̀ sí nígbà tó bá ga ju iye tó ń wọlé lọ.

Ìdìbò oṣù kẹjọ ọdún 1979 ló sọ wọ́n di olùdíje. Shagari ní ìbò 5,688,857. Awólọ́wọ̀ ní 4,916,651. Ẹjọ́ tó tẹ̀lé e dá lórí ohun tí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ 19 jẹ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi ìdí ìjáwé olúborí Shagari múlẹ̀. Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1979 sì ti yí ètò ìjọba padà sí ti Ààrẹ. Lábẹ́ ètò tuntun yìí, ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú ìdìbò Ààrẹ kò ní ìjókòó kankan nílé aṣòfin. Kò sí Olórí Alátakò mọ́, kò sí wákàtí ìbéèrè fún un, kò sì sí mínísítà tí òfin so mọ́ ọn láti dá a lóhùn. Ohun tó kù fún un ni bébà, gègé àti àwọn ìwé ìròyìn. Nítorí náà, lẹ́tà oṣù kẹjọ ọdún 1981 jẹ́ ìbéèrè tí kò ní ilé mọ́, tó sì ń wá ẹni tí yóò dá a lóhùn.

Àfiwé inú lẹ́tà àti ìṣirò tó wà lẹ́yìn rẹ̀

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí nínú lẹ́tà náà ni àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ kan: orílẹ̀-èdè jẹ́ ọkọ̀ ojú omi, Ààrẹ ni atukọ̀, àpáta ńlá sì wà níwájú. Bí atukọ̀ kò bá tètè darí ọkọ̀ gba ibòmíràn, ọkọ̀ yóò forí sọ àpáta. Àfiwé yìí ti pẹ́ láyé, kì í ṣe Awólọ́wọ̀ ló kọ́kọ́ lò ó. Agbára rẹ̀ wà nínú àwọn tó kó sínú ọkọ̀ náà. Ẹni tó wà ní etíkun lè máa fi atukọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí omi kan náà ni yóò gbé òun náà. Àfiwé náà kò gba ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láyè láti jẹ́ ọ̀tá atukọ̀. Ó jẹ́ èrò ọkọ̀ tó rí àpáta tó sì figbe ta.

Bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, àfiwé nìkan kò tó láti sọ pé àpáta wà níbẹ̀. Ohun tó fi àpáta hàn ni iye. Ní àkókò náà, epo rọ̀bì ló ń mú lé ní ìdá 90 nínú 100 wá nínú gbogbo owó tí Nàìjíríà ń rí lórí ọjà tó ń tà sí òkèèrè. Ní ọdún 1979 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980, nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 àgbá epo ni a ń wà lójoojúmọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1981, Nàìjíríà ń ta àgbá kan ní nǹkan bíi 40 dọ́là, nígbà tí epo inú Òkun Àríwá ilẹ̀ Yúróòpù, tó jọ ti Nàìjíríà, wọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn oníbàárà yà síbẹ̀. Nígbà tí oṣù kẹjọ ọdún náà fi dé, iye epo tí a ń wà lójúmọ́ ti bọ́ sí ìsàlẹ̀ mílíọ̀nù 1. Owó tó ń wọlé ń dín kù, ṣùgbọ́n ìrẹsì, ọkọ̀, ẹ̀rọ àti sìmẹ́ńtì tí a ń kó wọlé kò dín kù. Náírà kan ń rà ju dọ́là kan lọ ní ọdún náà, nítorí bẹ́ẹ̀ ohun òkèèrè rọrùn láti rà, iṣẹ́ àgbẹ̀ ilé sì ń kú lọ. Àpò ìpamọ́ owó ilẹ̀ òkèèrè ni a fi ń dí àlàfo tó wà láàárín owó tó wọlé àti owó tó jáde.

Ìṣirò yìí kò ga ju orí ẹni tó ń tajà lọ. Ìyálọ́jà tó rí i pé òun ń mú nínú owó òkòwò jẹun mọ̀ pé ọjọ́ ti ń kà sí òun. Kò nílò babaláwo láti sọ fún un. Bí ó bá ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà nínú àpò, tó ń mú ẹgbẹ̀rún kan jáde lọ́sẹ̀ láìsí èrè tó wọlé, ó lè fi ìka ka ọ̀sẹ̀ tí àpò yóò gbẹ. Ohun tí Awólọ́wọ̀ ṣe nìyẹn, pẹ̀lú iye tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbéèrè tó wà nínú lẹ́tà náà ni pé: níwọ̀n ìgbà tí owó ti ń dín kù, kí ni ìjọba yóò dín kù, ìgbà wo ni yóò sì bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn ìjọba àti ohun tó tẹ̀lé e

Àwọn tó ń gbẹnu sọ fún ìjọba kọ ìkìlọ̀ náà. Wọ́n ní ọrọ̀ ajé kò sí nínú irú ewu bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi ẹni tó kìlọ̀ hàn bí ẹni tó ń fi àjálù dẹ́rù ba ìlú. Ohun tó yẹ fún àkíyèsí nínú irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ni ibi tó dojú kọ. Ìbéèrè ń wá iye. Ìdáhùn fi iye sílẹ̀, ó mú ènìyàn. Wọ́n wo ẹni tó pàdánù ìbò, wọ́n wo ẹni tó pè wọ́n lẹ́jọ́ ní ọdún 1979, wọ́n sì ní kí ni a retí kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ. Nínú ẹ̀kọ́ àríyànjiyàn, ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ tó mú ọlọ́rọ̀ kò tíì dáhùn. Ṣùgbọ́n ní etí ọ̀pọ̀ ará ìlú, ó dún bí èsì, nítorí pé orúkọ alátakò ti pèsè àyè sílẹ̀ fún un.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1982, ìjọba Shagari mú òfin ìṣọ́wóná jáde. Òfin náà fi òté lé ọ̀pọ̀ ọjà òkèèrè, ó ní kí àwọn oníṣòwò máa fi owó sílẹ̀ kí wọ́n tó lè kó ọjà wọlé, ó dín owó ìrìn-àjò òkèèrè kù, ó sì dá ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àkànṣe dúró. Owó orí epo tó lé ní bílíọ̀nù 20 dọ́là ní ọdún 1980 kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 10 lọ ní ọdún 1983. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò rí owó oṣù olùkọ́ san mọ́, láìka ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìjọba wọn sí. Ilé ìwòsàn kò rí oògùn rà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Nàìjíríà. A fojú bù ú pé àwọn ará Ghana nìkan tó wà nínú wọn lé ní mílíọ̀nù kan. Báyìí ni ìṣirò tí ìjọba kan kọ̀ láti ṣe ní Èkó ṣe di ẹrù lórí àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn gba Kútọnu àti Lomé kọjá lọ sí Accra. Shagari tún wọlé nínú ìdìbò oṣù kẹjọ ọdún 1983. Ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún náà, àwọn ológun gbàjọba.

Bí ìṣirò ṣe di àsọtẹ́lẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ náà mu dé ibì kan, ibẹ̀ náà sì ni ewu rẹ̀ wà. Nígbà tí ohun tí Awólọ́wọ̀ sọ ṣẹlẹ̀, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kò sọ pé ó mọ ìṣirò. Wọ́n ní ó rí iwájú. Èyí kò yani lẹ́nu nípa ọkùnrin tí àwọn kan nínú àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ sọ pé àwọn rí nínú òṣùpá. Ní ilẹ̀ tí a ti sọ olóṣèlú di ẹni ìyanu, ìwé owó rẹ̀ pàápàá yóò di ìran.

Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀tá àti ti àwọn ọ̀rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn ìjọba ní ọdún 1981 pè é ní wòlíì àjálù láti fi bú u. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ pè é ní wòlíì láti fi yìn ín. Àwọn méjèèjì gbà pé ọ̀nà tó gbà mọ̀ kì í ṣe ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn lè gbà. Àsọtẹ́lẹ̀ jẹ́ ti ẹni kan. Ẹni tí a kò fún lẹ́bùn náà kò lè sọ ọ́, ẹni tó gbọ́ ọ kò sì lè yẹ̀ ẹ́ wò títí yóò fi ṣẹ tàbí tí kò fi ní ṣẹ. Ìṣirò kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní iye náà lọ́wọ́ lè ṣe é, ó lè rí àṣìṣe níbẹ̀, ó lè bá ẹni tó ṣe é jiyàn lọ́jọ́ náà gan-an láìdúró de ọjọ́ iwájú.

Ìdí nìyí tí kò fi tọ́ láti fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1982 ṣe òṣùwọ̀n lẹ́tà ọdún 1981. Ká ní iye owó epo tún gbéra lójijì ní oṣù kọkànlá ọdún 1981, tí ìjọba sì bọ́ nínú ewu, àsọtẹ́lẹ̀ ì bá ti kùnà. Ìbéèrè náà kì bá tí kùnà. Ì bá ṣì tọ́ láti béèrè ohun tí orílẹ̀-èdè tó gbára lé ọjà kan ṣoṣo yóò ṣe bí ọjà náà bá wọ́. Iye lẹ́tà náà wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí a kọ ọ́. Ẹni tó bá dúró de ìjì kí ó tó gbà pé ìkùukùu wà lójú ọ̀run kò tíì mọ ojú ọjọ́ kà.

Àlébù inú ìbéèrè náà: ọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ́ ọ̀fẹ́

Lámèyítọ́ tí kò bá wo ẹ̀gbẹ́ kejì kò yàtọ̀ sí oríkì. Ìpìlẹ̀ mẹ́rin ni ẹgbẹ́ UPN gbé ìpolongo rẹ̀ lé ní ọdún 1979: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní gbogbo ipele, ìwòsàn ọ̀fẹ́, ìdàgbàsókè ìgbèríko, àti iṣẹ́ fún gbogbo ẹni tó lè ṣiṣẹ́. Ìpínlẹ̀ márùn-ún ni ẹgbẹ́ náà ti ṣèjọba: Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Bendel. Àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ní Èkó, ìjọba Lateef Jákàńdè fòpin sí ètò tí àwọn ọmọ kan fi ń lọ sílé ẹ̀kọ́ láàárọ̀ tí àwọn mìíràn ń lọ lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n àpò epo kan náà tí Awólọ́wọ̀ sọ pé ó ń gbẹ ni apá tó pọ̀ nínú owó àwọn ìpínlẹ̀ yìí ti ń wá. Ìbéèrè tó bi Ààrẹ kan àwọn gómìnà tirẹ̀ náà: bí owó bá dín kù, kí ni ẹ̀yin yóò dín kù?

Ọ̀rọ̀ náà ọ̀fẹ́ ló bo ìbéèrè yìí mọ́lẹ̀. Nínú Yorùbá, ohun ọ̀fẹ́ ni ohun tí a kò san nǹkan kan fún. Nínú ètò ìjọba, kò sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ti san án, bí kì í ṣe òbí ọmọ, a jẹ́ pé gbogbo ìlú ni. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí yẹ fún àròjinlẹ̀ ni pé Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ti fi òótọ́ yìí hàn rí. Kí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba rẹ̀ bu owó orí pàtàkì lé àwọn ènìyàn fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Inú wọn kò dùn. Nínú ìdìbò àpapọ̀ ọdún 1954, NCNC ló borí ní Ìwọ̀-Oòrùn, ní àgbègbè Action Group gan-an, owó orí náà sì wà lára ohun tó fà á. Ní ọdún 1955, àwọn ènìyàn mọ iye tí wọ́n san fún ọ̀fẹ́. Ní ọdún 1979, epo ló ń san án, kò sì sí ẹni tó béèrè iye rẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́rìnlélógún yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ti pàdánù ìdajì ìtumọ̀ rẹ̀. Alátakò tó ń bi ìjọba àpapọ̀ léèrè ìṣirò ì bá ti tún ìṣirò ọ̀fẹ́ sọ fún àwọn tirẹ̀, kí ìbéèrè rẹ̀ lè ní ẹsẹ̀ méjèèjì.

Èyí kò sọ pé UPN kò béèrè ìbéèrè lọ́nà mìíràn. Ìpínlẹ̀ Bendel, lábẹ́ Gómìnà Ambrose Alli, gbé òfin pípín owó àpapọ̀ tí ìjọba ṣe ní ọdún 1981 lọ sílé ẹjọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fagi lé òfin náà nítorí pé ọ̀nà tí àwọn aṣòfin gbà ṣe é kò bá Òfin Ìpìlẹ̀ mu. Bí a bá gbé ẹjọ́ yìí sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà, ìyàtọ̀ hàn. Níwájú adájọ́, ìjọba kò lè mú ọlọ́rọ̀ kí ó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè tún ti rí ilé, ó sì gba èsì láàárín oṣù díẹ̀.

Ìbéèrè ní èdè ẹni tó ń san owó

Kì í ṣe UPN nìkan ni alátakò ní ìgbà náà. Ní Kano àti Kaduna, ẹgbẹ́ PRP ti Malam Aminu Kano ló ń ṣèjọba. Láti ọdún 1950 tí a ti dá ẹgbẹ́ NEPU sílẹ̀ ni Aminu Kano ti ń fi èdè Hausa béèrè ìbéèrè, ọ̀rọ̀ tó sì di ti wọn jù lọ ni talakawa. Yorùbá ti yá ọ̀rọ̀ yìí lò, ó pè é ní tálákà, ṣùgbọ́n ó fi apá kan sílẹ̀ lẹ́nu ibodè. Tálákà ní ẹnu Yorùbá ni òtòṣì, ẹni tí kò lówó. Talaka ní ẹnu Hausa jẹ́ ẹni tí kò sí nínú àwọn tó ń ṣàkóso, ẹni tí a ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò sì ní ohùn sí bí a ó ṣe ná an. Òṣì jẹ́ ohun tí a lè bá ènìyàn kẹ́dùn lé lórí. Àìní ohùn jẹ́ ohun tí a lè béèrè ìdí rẹ̀.

Nígbà tí PRP dé orí ìjọba ní ọdún 1979, wọ́n pa haraji àti jangali rẹ́ ní ìpínlẹ̀ méjèèjì. Haraji ni owó orí, jangali sì ni owó tí a ń gba lórí màlúù. Kò sí àgbẹ̀ tàbí darandaran kan tó nílò ògbufọ̀ láti mọ ohun tí a ń sọ, nítorí pé orúkọ owó tó ti ń san láti ọjọ́ tó ti dàgbà ni. Ìbéèrè wọn náà mú ewu wá: ní oṣù kẹfà ọdún 1981, oṣù méjì ṣáájú lẹ́tà Awólọ́wọ̀, ilé aṣòfin Kaduna tí NPN pọ̀ jù níbẹ̀ yọ Gómìnà Balarabe Musa nípò. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ pé àsọtẹ́lẹ̀ ni haraji. Owó ni; gbogbo ènìyàn mọ iye rẹ̀.

Lẹ́tà Awólọ́wọ̀ kò ní àǹfààní yìí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́ sí Ààrẹ, bí ó ti yẹ láàárín ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ àti ọmọ Ṣókótó. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn Yorùbá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ àti àpáta kọjá láìsí ìṣòro, nítorí pé àwòrán rọrùn láti gbé kọjá. Àpò ìpamọ́ owó òkèèrè, iye àgbá epo, àlàfo láàárín owó ìwọlé àti owó ìjáde, ìyẹn kò rí ẹni gbé wọn pẹ̀lú irú ìtara bẹ́ẹ̀. Ohun tó kù lẹ́nu àwọn ènìyàn ni àwòrán láìsí iye, àwòrán láìsí iye kò sì jìnnà sí ìran.

Iṣẹ́ tó wà níwájú olùkọ́ èdè

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó ń kọ́ni ní Yorùbá ju bí ó ṣe lè rò lọ. Nínú kíláàsì, ìlò èdè olóṣèlú tí a ń fi ṣe àpẹẹrẹ jù lọ ni òwe, ẹ̀dà-ọ̀rọ̀ àti ìbéèrè pèsìjẹ. Àwọn nǹkan wọ̀nyí dára. Ṣùgbọ́n ìbéèrè pèsìjẹ, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ti fi hàn, kò retí èsì. Olóṣèlú tó dìde tó ní, ṣé ojú kò ti ìjọba yìí ni, ti ru àwọn ènìyàn sókè. Kò tíì béèrè ohunkóhun. Ẹni tó ní, èló ni a yà sọ́tọ̀ fún oògùn ilé ìwòsàn wa lọ́dún yìí, èló nínú rẹ̀ ni a ti san, ta ni a san án fún, ti béèrè ìbéèrè mẹ́ta tí èsì wọn kò lè jẹ́ èébú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ìyàtọ̀ láàárín oríṣi ìbéèrè méjèèjì ti kọ́ nǹkan kan nípa gírámà, ó sì ti kọ́ nǹkan kan nípa ìlú.

Kò sí òótọ́ nínú àwíjàre pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Èdè tó ní òkòwò, èrè, èlé, àwìn, àsansílẹ̀, ẹ̀yáwó, àjọ, èésú, gbèsè àti ìwọ̀fà kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ ìṣirò. Ìwọ̀fà pàápàá ṣàlàyé gbèsè òkèèrè ju ọ̀pọ̀ ìwé lọ: ẹni tó yá owó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró fún èlé, owó ojú rẹ̀ kò sì dín kù bí ó ti wù kí ó ṣiṣẹ́ tó. Òfin náà kò sì ti ilẹ̀kùn. Abala 51 Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1979 sọ pé a lè fi Hausa, Igbo àti Yorùbá ṣe iṣẹ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin àpapọ̀ nígbà tí ètò tó péye bá ti wà; abala 55 ti ọdún 1999 tún un sọ. Abala 97 ti ọdún 1999 gba ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ láyè láti fi èdè ìpínlẹ̀ náà jíròrò, àwọn aṣòfin Èkó sì ti lo Yorùbá nínú ìjókòó wọn rí. Ohun tó kù ni kí ètò ìṣúná gan-an wà lára ohun tí a ń fi èdè náà jíròrò, kí ó má jẹ́ ìkíni àti oríkì nìkan.

Àgbálọgbábọ̀

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tó bá pe ìyá ọmọ láti tún ọmọ rẹ̀ pọ̀n kò bá a jà, kò sì sọ àsọtẹ́lẹ̀. Ohun tó wà lójú ọjà fún gbogbo ènìyàn láti rí ló rí. Ipò tí lẹ́tà ọdún 1981 wà nìyẹn. Ó yẹ kí a tún un kà láìfi òṣùpá kún un: kí a fi iye owó epo, iye ọjà òkèèrè àti iye àpò ìpamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ àti àpáta, kí a sì fi ìṣirò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ẹni tó kọ ọ́ kò ṣe kún un pẹ̀lú. Nígbà náà ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè bá Awólọ́wọ̀ jiyàn, yóò lè bá Shagari jiyàn, yóò sì lè gbé ìbéèrè kan náà lọ síwájú ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀. Olùkọ́ tó bá ní kí ọmọ kíláàsì túmọ̀ ìkìlọ̀ náà sí Yorùbá lè fún un ní máàkì fún ọkọ̀. Kí ó fi máàkì tó pọ̀ jù pamọ́ fún ẹni tó bá lè sọ, ní Yorùbá tó já gaara, èló ló wọlé, èló ló jáde, èló ló sì kù.